Ojú Tí Kò Wolẹ̀

Kí n tó mọ ìwé kà ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń wo ilẹ̀. Ìyá mi ló kọ́ mi, ní Moniya, nílé tí ó ṣì ń gbé títí di òní. Bí àgbà bá wọlé, orúnkún mi méjèèjì gbọ́dọ̀ kanlẹ̀, kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń ṣe, tí wọ́n kàn ń tẹ ẹsẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tí kòkòrò ta. Bí àgbà bá sì ń bá mi wí, ojú mi gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, níbi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ẹni náà. Ìyá mi kì í pariwo mọ́ ọmọ. Bí mo bá ṣèèṣì gbé ojú sókè, yóò wúkọ́ ni. Ikọ́ kékeré báyìí. Mo dàgbà, mo lọ́kọ, mo bímọ, síbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá wúkọ́ lẹ́yìn mi nínú ọkọ̀, ojú mi á lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Mo fi èyí síwájú kí ẹ lè mọ ilé tí mo ti wá, torí ọ̀rọ̀ ilé tí mo ti wá ni mo fẹ́ sọ. Wọ́n ní ìyá mi kò kọ́ mi. Ìṣojú rẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́. Ohun tí mo sì ń wá láti ọjọ́ náà kò ju ẹyọ kan lọ: kí ẹnu tó sọ ọ́ padà wá sọ fún un pé ó kọ́ mi.

Agbowó ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, nítòsí títì ńlá, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì pọ̀ sí bí iyanrìn. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí mo ti ń bá wọn tẹ iṣẹ́ àṣekágbá wọn, mo ń ṣe fọ́tòkọ́pì, mo ń di ìwé. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kan ní Dùgbẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ìyá rẹ̀ kó wá sọ́dọ̀ wa. N kò ní purọ́ mọ́ wọn, àárín wa dán nígbà náà. Wọn kì í jẹ ata, mo ń se ọbẹ̀ tiwọn lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ wo fíìmù lórí tẹlifíṣọ̀n, èmi ni mo ń bá wọn jókòó, tí à ń bú ìyàwó burúkú inú fíìmù náà pọ̀. Ẹ ò rí nǹkan.

Ìgbà ọyẹ́ ni àìsàn yìí bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ilé wọ súẹ́tà, èmi ń tan fáànù. Ìyá ọkọ mi á fa ìbòrí wọn mọ́ra, wọ́n á ní, “Ìyàwó, ṣé o fẹ́ pa mí ni? Òtútù tí Ọlọ́hun fún wa yìí kò tó ẹ?” Màá bẹ̀ wọ́n, màá pa fáànù, màá lọ dúró sẹ́yìn ilé kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí mi. Ètè àwọn ẹlòmíràn ń là, òógùn ń ṣàn lẹ́yìn tèmi.

Ebi tún dé. Irú ebi tí n kò mọ̀ rí. Mo lè jẹ ẹ̀bà tán, kí n fọ ọwọ́, kí n tún máa wo ìkòkò. Bí mo sì ṣe ń jẹ ni mò ń rù. Ìró mi kò dúró nídìí mọ́ àfi kí n ká a léraléra.

“Ìyàwó, níbo lò ń kó oúnjẹ yẹn sí gan-an?” Ìyá ọkọ mi ló ń bi mí. “Àbí ẹnìkan ń bá ẹ jẹ ẹ́ nínú ibẹ̀?”

Mo rò pé ọ̀rọ̀ oyún ni wọ́n ń fi dápàárá, mo rẹ́rìn-ín. Àwọn kò rẹ́rìn-ín.

Ọwọ́ mi wá ń gbọ̀n. Bí mo bá tẹ lẹ́tà kan lórí kọ̀ǹpútà, méjì á jáde. Ọmọkùnrin kan gba iṣẹ́ rẹ̀, ó wo ojú ìwé àkọ́kọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. “Mummy, ẹ tẹ orúkọ mi lẹ́ẹ̀mejì o. Ṣé èmi àti ìbejì mi la jọ fẹ́ gba dìgírì ni?” Mo bá a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tó lọ, mo jókòó, mo ń sunkún, n kò sì mọ ohun tí mò ń sunkún sí. Ọkàn mi ń lù bí ẹni tí ajá lé. Mo lọ sí kẹ́míìsì. Obìnrin tó ni kẹ́míìsì ní ibà ni. Mo lo ti ibà. Ó ní táífọ́ọ̀dì ló kù. Mo lo ti táífọ́ọ̀dì. Ó ní ìrònú ni, kí n máa simi.

Ẹsẹ̀ ló wá kàn. Ìrun ọ̀sán ni mò ń kí lọ́jọ́ kan nínú yàrá. Mo forí kanlẹ̀, mo fẹ́ dìde fún ráká tó kàn, itan mi kọ̀. Kò dùn mí, kò kú, ó kàn kọ̀ ni, bí ìgbà tí ẹ bá rán ọmọ níṣẹ́ tí ó ń wò yín. Mo di bẹ́ẹ̀dì mú kí n tó dìde. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jókòó sórí àga kírun. Ìyá ọkọ mi ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n bá mi bẹ́ẹ̀.

“Sùbúhánà! Èmi tí mo bí ọkọ ẹ ṣì ń forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́hun. Ìwọ jókòó sórí àga bíi gómìnà.”

“Màmá, ẹsẹ̀ mi ni kò—”

“Ẹsẹ̀ tó ń gbé ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀ yẹn?”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹsẹ̀ mi ń rìn. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú kò sí ohun tó ṣe é. Dídìde nílẹ̀ ni kò fẹ́. Ẹ wá gbìyànjú kí ẹ ṣàlàyé ìyẹn fún ìyá ọkọ.

Ẹ mọ̀ pé obìnrin nílé ọkọ, tó bá jí láàárọ̀, ó gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ. Mo ṣe é fún ọjọ́ díẹ̀ pẹ̀lú agbára káká. Ní òwúrọ̀ kan mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo fẹ́ dìde, mo rí i pé mò ń padà sílẹ̀. Kí n má baà ṣubú, mo na ọwọ́, ohun tí ọwọ́ mi bà ni itan wọn. Mo fi itan ìyá ọkọ mi ti ara mi dìde bí ẹni tó di tábìlì mú.

Wọ́n wo itan wọn, wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n tún ìró wọn ró.

Ó tì mí lójú gan-an. Láti ọjọ́ kejì, mo rò pé ohun tó bójú mu jù ni kí n má fọwọ́ kàn wọ́n mọ́. Mò ń tẹrí ba díẹ̀ níwájú wọn, mò ń kí wọn ní ìdúró. Orúnkún mi ni wọ́n ń wò.

Èyí tó wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ pátápátá ni ojú. Èmi ò mọ̀ o. Ojú ara ẹni kì í sọ fún èèyàn pé òun ti yí padà, díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣe é, bí èèyàn sì ṣe ń rí ara rẹ̀ lánàá ló rò pé òun rí lónìí. Mo mọ̀ pé ó ń ta mí, ó ń dà bí ẹni pé iyanrìn wà níbẹ̀, omi sì ń jáde nínú rẹ̀ bí mo bá dúró sínú atẹ́gùn. Mo rò pé kọ̀ǹpútà ni.

Ìyá ọkọ mi pè mí lórí ọ̀rọ̀ iyọ̀ nínú ọbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré. Mo dúró níwájú wọn, mo tẹrí ba, mo wo ilẹ̀.

“Ìyàwó, èmi lò ń wò báyẹn?”

“Báwo, Màmá?”

“Bí ẹni tó fẹ́ gbé mi mì.”

“Màmá, ilẹ̀ ni mò ń wò.”

“Ilẹ̀! Ilẹ̀ wà nínú ojú mi ni?”

Mo tún wo ilẹ̀ sí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n pe ọkọ mi. “Máa bọ̀. Máa bọ̀, wá wo ojú tí ìyàwó ẹ fi ń wò mí. Ó ti ń rù, ó ti ń gbóná, ó ti kúrò lórí ìkúnlẹ̀. Ojú ló kù, ó ti mú un dé.”

N kò sì ní fi èyí pa mọ́: inú ń bí mi lásìkò náà. Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń fi ẹ̀rín gbé kúrò tẹ́lẹ̀ á gún mi bí abẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ iyọ̀ yẹn, mo pariwo. Mo ní, “Mo ní ilẹ̀ ni mò ń wò!” Ohùn mi kọjá ibi tó yẹ. Ọkọ mi ti wọlé nígbà náà. Nígbà tó di àwa méjì, ó ní, “Jọ̀ọ́, máa rẹ ojú ẹ sílẹ̀ fún màmá mi.”

“Dádì, mo ti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.”

“Lọ wo dígí.”

Mo lọ wo dígí. Mo ní kí n wo ilẹ̀ níwájú dígí kí n lè rí bí mo ṣe ń wò ó. Ṣùgbọ́n ta ló lè wo ilẹ̀ kí ó sì rí ojú ara rẹ̀ nínú dígí? Bí mo bá wo ilẹ̀, ilẹ̀ ni mo rí. Bí mo bá gbé ojú sókè láti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti di ojú tí mo gbé sókè. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́. N kò lè fi dígí gbèjà ara mi.

Ọrùn mi tún wà níbẹ̀, tó ti ń wú díẹ̀díẹ̀ níwájú. Ìjáàbù ló bò ó. Kò sẹ́ni tó rí i, èmi náà kò kíyè sí i. Bí ó bá jẹ́ pé òun ló yọ síta tí ojú wà lábẹ́ aṣọ, bóyá wọn ì bá ti ṣàánú mi.

Àbúrò bàbá ọkọ mi ni àgbà ìdílé wọn nísinsìnyí. Challenge ni ilé wọn wà. Wọ́n ránṣẹ́ pè wá síbẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kan, wọ́n sì ní kí ọkọ mi pe ìyá mi ní Moniya kí òun náà wá. Ìyá mi wọ ọkọ̀ láti Moniya dé Challenge, pẹ̀lú bí ọ̀nà ṣe há tó. Ó wọ aṣọ àlejò rẹ̀. Ó gbé ọsàn dání nínú ọ̀rá dúdú kan. Ó rò pé ìpàdé dáadáa ni.

Bàbá yìí ní kí n kúnlẹ̀ láàárín pálọ̀. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n kọjú sí ìyá mi.

“Ìyá ìyàwó, ẹ kú ọ̀nà. Ẹ má bínú tí a yọ yín lẹ́nu. Ẹ̀kọ́ wo lẹ fi rán ọmọ yín wá sílé wa?”

Ìyá mi wò mí, ó wo àwọn ènìyàn, ó rọra gbé ọ̀rá ọsàn rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n kà á fún un, láti orí àga ìrun dé orí itan tí mo fọwọ́ tì, dé orí iyọ̀, dé orí ariwo, ìyá ọkọ mi sì fi kún un pé, “Ẹ ò kọ́ ọmọ yín.” Bí wọ́n ṣe ń kà á, mo wo ilẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì pupa wà níbẹ̀, òdòdó funfun kan wà lára rẹ̀, mo tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ sórí.

“Ẹ wò ó!” Bàbá na ìka sí mi. “Ẹ wò ó o! Níṣojú gbogbo wa! À ń bá a wí lọ́wọ́, ó ranjú mọ́ wa!”

Ìyá mi wúkọ́.

Mo ti ń wo ilẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí ilẹ̀ mìíràn tí mo lè wò ju ilẹ̀ yẹn lọ. Mo tẹrí títí àgbọ̀n mi fi kan àyà. Ó tún wúkọ́. Mo gbọ́ ọ nínú ikọ́ kejì pé òun náà ti gbà wọ́n gbọ́.

Ìyá mi dìde lórí àga, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ mi tí òun fi ọjọ́ orí jù. Ó ní, “Ẹ bá mi dárí jì í. Bóyá èmi ni mi ò kọ́ ọ tó.” Ìyá ọkọ mi gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọkọ mi ń wo fóònù rẹ̀. Bàbá ni wọ́n sọ pé ó tó, kí àwa méjèèjì dìde.

Ìyá mi dìde. Èmi ò dìde.

“Ṣé ó tún ń ṣorí kunkun ni?” ni Bàbá wí.

Ìyá mi ló wá ki ọwọ́ bọ abíyá mi méjèèjì, ó fà mí sókè bí ìgbà tí mo ń kọ́ ìrìn. Bàbá wá dájọ́: kí n tẹ̀lé ìyá mi lọ sí Moniya fún ìgbà díẹ̀, kí ó lọ tún mi kọ́. Bí ẹ̀kọ́ náà bá ti wọ̀ mí lára, kí wọ́n dá mi padà. Àwọn ọmọ yóò dúró sí Agbowó. Báyìí ni wọ́n ṣe dá èmi tí irun mi ti ń funfun lẹ́bàá etí padà sílé ìwé ìkúnlẹ̀.

Nínú ọkọ̀, ìyá mi ń wo ìta títí a fi kọjá Ojoo. Ibẹ̀ ló ti ní, “Kí ló ṣe ẹsẹ̀ ẹ?”

“Mi ò mọ̀, Ìyá mi. Kò gbé mi dìde mọ́.”

“Mo gbọ́. Ojú ńkọ́?”

Mo sunkún dé Moniya.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ó kọ́ mi lóòótọ́? Wọ́n ti ní kó kọ́ mi, ó sì jẹ́ ẹni tó ń ṣe ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe. Láàárọ̀, lẹ́yìn ìrun, yóò jókòó sórí àpótí, yóò ní kí n kúnlẹ̀ kí òun bíi pé òun ni ìyá ọkọ mi. Màá kúnlẹ̀. Yóò ní kí n dìde. Màá gbìyànjú, màá ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní àkọ́kọ́ ó ń ní, “Tún un ṣe.” Nígbà tó yá kò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní àárọ̀ kan tí mo ṣubú, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí, ó fọwọ́ tẹ itan mi, ó rí i pé ẹran ti tán lára rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sí àyà mi, ó ń gbọ́ bí ó ṣe ń lù. Ó ní, “Ọmọ mi, èyí kì í ṣe ẹ̀kọ́.” Ọjọ́ náà la lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà tó rí wa, obìnrin ni, kò ju ẹgbẹ́ àwọn tí mo ń bá tẹ iṣẹ́ àṣekágbá lọ. A kò tíì jókòó dáadáa tó ti ń wo ojú mi. Ó ní kí n bọ́ ìjáàbù. Ó wo ọrùn mi, ó fún mi lómi, ó ní kí n gbé e mì, ó ń wo bí ọ̀fun mi ṣe ń lọ sókè sódò. Ó ní kí n na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó gbé abala ìwé kan lé wọn, ìwé náà ń gbọ̀n rìrì. Ó wá ní kí n lóṣòó, kí n dìde láìfi ọwọ́ di nǹkan mú.

Mo wo ìyá mi. Ìyá mi wo dókítà. Ó ní, “Dókítà, ìdánwò tí wọ́n fi lé e kúrò nílé ọkọ nìyẹn o.”

Mo lóṣòó. N kò lè dìde. Dókítà kò sọ pé mo ṣorí kunkun. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

“Ẹ máa fi ojú tẹ̀lé ìka mi, mà. Ẹ má gbé orí.” Ó gbé ìka rẹ̀ sókè, ó rọra ń gbé e lọ sílẹ̀. Mo ń tẹ̀lé e. Ó tún un ṣe, ó wá sọ fún ìyá mi pé, “Màmá, ẹ sún mọ́ ibí. Ẹ wo ojú wọn bí mo ṣe ń gbé ìka lọ sílẹ̀. Ẹ rí ẹyinjú, ó ń lọ sílẹ̀. Ìpéǹpéjú tó yẹ kó bá a lọ ni kò lọ. Ó há sókè. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí funfun ojú wọn.”

Ìyá mi tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tèmi. “Ó ń wo ilẹ̀,” ló ní.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò.”

“Ní gbogbo ìgbà yẹn, ilẹ̀ ló ń wò.”

Ó jókòó. Ó fi etí gèlè nu ojú. Mo ń wo ọmọbìnrin yẹn bí ẹni tó wá jẹ́rìí fún mi níwájú adájọ́. Adájọ́ náà ni kò sí níbẹ̀.

Ó ṣàlàyé fún wa. Ó ní nǹkan kékeré kan wà níwájú ọ̀fun gbogbo ènìyàn, ó rí bíi labalábá tó na ìyẹ́, tairọ́ọ̀dì ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń tú họ́mọ́ọ̀nù sínú ẹ̀jẹ̀, họ́mọ́ọ̀nù yìí ló sì ń sọ fún gbogbo ara bó ṣe máa yára ṣiṣẹ́ tó. Tèmi ń tú u jù, bíi sítóòfù tí wọ́n yí iná rẹ̀ sókè tí ẹnikẹ́ni kò yí i wálẹ̀. Òun ló fa ooru, òun ló fa ebi tí kì í mú ni sanra, òun ló ń mú ọkàn sáré, òun ló ń jẹ ẹran itan. Ó ní ó máa ń jẹ́ kí ènìyàn tètè bínú pẹ̀lú. Ìyá mi béèrè bóyá gẹ̀gẹ̀ ni. Ó ní irú kan nínú gẹ̀gẹ̀ ni, pé gbogbo rẹ̀ kọ́ ló ń tóbi bí àgbọn. Ó ní àwọn mìíràn wà tí tiwọn kì í tú tó, òtútù ni ó ń mú àwọn ìyẹn, wọ́n á máa sanra, wọ́n á máa tòògbé. Mo rò ó lọ́kàn mi pé bó bá jẹ́ ìyẹn ló ṣe mí, ọ̀lẹ ni wọn ì bá pè mí.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi. Èsì rẹ̀ jáde bí ó ṣe wí. Wọ́n fún mi ní oògùn tí ń dín họ́mọ́ọ̀nù náà kù, wọ́n fún mi ní òmíràn tí ń mú ọkàn rọlẹ̀. Ó kìlọ̀ pé kí n má fi ọjọ́ kan fò ó, pé kí n máa wá kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Ó ní itan á padà bọ̀ sípò. Ti ojú, ó ní ó lè pẹ́, ó sì lè má padà tán.

Mo pe ọkọ mi lórí fóònù, mo sọ gbogbo rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, n kò ní fi dù ú. Ó ní, “Ọlọ́hun ṣeun tí wọ́n rí i.” Mo ní kó bá mi sọ fún màmá rẹ̀ àti Bàbá, kí wọ́n wá sí Moniya, kí wọ́n sọ fún ìyá mi pé àwọn gba ọ̀rọ̀ àwọn padà.

Ó ní, “Ṣé o fẹ́ kí àgbà máa wá bẹ̀bẹ̀ nítorí ẹ ni?”

“Nítorí ìyá mi ni. Ìyá mi kúnlẹ̀ fún wọn.”

“Jẹ́ kí ara ẹ yá ná.”

Mo gbọ́ lẹ́yìn náà ohun tí ìyá rẹ̀ sọ nígbà tó ròyìn fún wọn. Wọ́n ní, “Àìsàn tó mọ ẹni tó yẹ kó wò níwò ìkà! Ṣé ó wo ọ̀gá ẹ ní báńkì báyẹn rí?”

Oṣù ń gorí oṣù. Oògùn náà ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ mi kọ́kọ́ dákẹ́, lẹ́yìn náà ni ọkàn, lẹ́yìn náà ni mo ń sùn. Ní àárọ̀ kan ní Moniya, mo forí kanlẹ̀ nínú ìrun, mo dìde láì ronú kàn án, àfi ìgbà tí mo ti wà ní ìdúró ni mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá mi wà lẹ́yìn mi. Kò dá ìrun rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ yí padà.

Wọ́n wá lóòótọ́. Bàbá, ìyá ọkọ mi, àti ọkọ mi. Wọ́n gbé iṣu wá, wọ́n gbé òróró wá. Mo sọ nínú ara mi pé ọjọ́ náà ti dé. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì dìde, láìdi nǹkan kan mú.

Bàbá wúre fún ìyá mi, wọ́n wá ní, “A gbọ́ pé ara ọmọ yín kò yá. Àwa náà kò ní ọkàn líle. A ti dárí jì í.”

Ìyá mi kúnlẹ̀. “Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ṣeun, sà. Ọlọ́hun á dárí ji gbogbo wa.”

“Ẹ̀ṣẹ̀ wo?” Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. N kò pariwo. Oògùn ti jẹ́ kí n mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀ṣẹ̀ wo lẹ dárí rẹ̀ jì mí?”

Gbogbo wọn wò mí. Ìyá ọkọ mi fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ Bàbá. “Ẹ ò rí ojú yẹn? Ó kù díẹ̀ níbẹ̀ ṣá o.”

Nígbà tí wọ́n jáde síta, mo yí sí ìyá mi. “Ẹ mọ̀ pé àìsàn ni. Ìṣojú yín ni. Ẹ rí ìka dókítà.”

“Mo rí i.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn?”

Ó ń to iṣu sẹ́bàá ògiri, kò wò mí. “Dókítà kọ́ ló ni ilé tí ò ń padà sí. Àwọn ọmọ ẹ wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ dárí jì ẹ́, jẹ́ kí wọ́n dárí jì ẹ́.”

Mo tẹ̀lé wọn lọ lọ́jọ́ náà.

Mo ti padà sí Agbowó tipẹ́. Mo ń lo oògùn mi ní ilé ìdáná kí ẹnikẹ́ni tó jí. Láàárọ̀ mo ń kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ mi, orúnkún méjèèjì, mo ń dìde. Ojú mi rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò tíì padà tán. Mo ra awò ojú dúdú kan tí mo ń lò bí mo bá ń bá wọn sọ̀rọ̀. Mo ní kọ̀ǹpútà ló ń ta mí lójú.

Ọ̀rẹ́ wọn kan wá láti Ring Road ní ọjọ́ díẹ̀ sẹ́yìn. Mo gbé omi fún un lórí ìkúnlẹ̀, mo wo ilẹ̀, mo dìde. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná tí mo gbọ́ tí obìnrin náà ń sọ pé, “Ìyàwó yín yìí mà yàtọ̀! Tèmi, kó kí mi gan-an, ogun ni.”

“Háà, ẹ ò bá a bó ṣe wà tẹ́lẹ̀,” ni ìyá ọkọ mi dáhùn. “Kò kúnlẹ̀, kò rẹjú sílẹ̀. A ò bá a jà. A dá a padà fún ìyá ẹ̀ ní Moniya, a ní kí wọ́n tún un kọ́. Ẹ̀yin náà ẹ rí i. Obìnrin yẹn mọ ọmọ kọ́.”

“Ṣé ẹ rò pé ó lè bá mi kọ́ tèmi náà?”

“Kí ló dé tí kò ní lè ṣe é? Ẹ jẹ́ kí n bá yín pè é.”

Mo gbọ́ tí wọ́n ń tẹ fóònù. Mo gbọ́ ohùn ìyá mi láti inú rẹ̀, tó ń kí wọn, tó ń wúre. Wọ́n yìn ín, wọ́n yìn ín títí. Mo dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú tíréè tí mo fi gbé omi lọ́wọ́ mi, mo ń gbọ́ bí ìyá mi ṣe ń dúpẹ́. Inú rẹ̀ dùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí mo ń wá náà ni wọ́n sọ fún un yẹn, pé ó kọ́ mi, láti ẹnu tó sọ pé kò kọ́ mi. N kò lè jáde lọ sọ fún un pé oògùn ni.